Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Irun Àfikún Tí A Fi Wúùlù Ṣe Nílé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọbìnrin mi yóò kópa nínú eré orí ìtàgé ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní irun rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn dé ẹ̀yìn. Kò sí owó wíìgì lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ní wúùlù tí ó ṣẹ́kù nígbà tí mo hun súwẹ́tà. Ṣé ó ṣeé fi ṣe irun tí kò ní dójú ti ọmọ mi láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? (Ìyá Olóṣèré)

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, yóò sì yẹ ọmọ náà. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí ni síso wúùlù mọ́ rọ́bà ìdirun, nítorí pé kò gba abẹ́rẹ́ rárá, bí kò bá sì wù yín, ẹ lè tú u kí ẹ tún un so láìfi ohunkóhun ṣòfò. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé pélébé tí ó wà lára ìdì wúùlù náà. Bí wọ́n bá kọ ákírílíìkì síbẹ̀ (òwú àtọwọ́dá tí ó wà nínú ẹbí ike), ẹ ti rí èyí tí ó dára jù, nítorí pé ó fúyẹ́, kì í sì í yún ni lára tó èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe. Èyí tí wọ́n fi òwú oko ṣe máa ń wúwo, pàápàá bí omi bá kàn án.

Ẹ wá páálí líle tí gígùn rẹ̀ bá gígùn irun tí ẹ fẹ́ mu, kí ẹ sì wé wúùlù náà yí i ká láìfà á le. Ìsàlẹ̀ páálí nìkan ni kí ẹ ti gé e, kí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ìlọ́po méjì gígùn tí ẹ ń fẹ́. Ẹ ṣẹ́ fọ́nrán kan po sí méjì, ẹ ti ibi tí ó ti ṣẹ́ po gba abẹ́ rọ́bà náà, kí ẹ wá fa ìdí rẹ̀ méjèèjì gba inú ihò tí ó yọ síta, kí ẹ sì fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ óo máa ṣe títí yóò fi yí rọ́bà ká. Ẹ fi rọ́bà náà sí ọrùn ìgò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá ń so wúùlù mọ́ ọn nígbà tí kò nà, ẹ óo kì í jù, kò sì ní lè nà mọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi sí orí ọmọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ kó irun ọmọ náà jọ sójú kan, kí ẹ dì í, kí ẹ sì fi rọ́bà náà yí i ká.

Ní ti iye wúùlù, ìdì 100 gíráàmù tí kò nípọn jù tí kò sì tínrín jù sábà máa ń gùn tó nǹkan bí 180 mítà. Irun tí yóò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60 ń gba sẹ̀ǹtímítà 120 fún fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ óo rí nǹkan bí fọ́nrán 150 nínú ìdì kan ṣoṣo, èyí tí yóò di 300 bí wọ́n bá rọ̀ sílẹ̀. Ó tó fún ọmọdé. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀: ákírílíìkì máa ń gba iná kíákíá, ó sì máa ń yọ́ mọ́ ara bí ó bá ń jó, nítorí náà kí wọ́n má ṣe gbé àbẹ́là tàbí àtùpà oníná sí ibi tí ọmọ náà yóò ti ṣeré.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kí wúùlù tí mo fi ṣe irun nà tọ́ọ́rọ́, kí ó má rí bí okùn. Mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó yọ́ ó sì lẹ̀ mọ́ irin. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ákírílíìkì ni wúùlù yín. Inú ẹbí ike ni ó wà, láti ara epo rọ̀bì ni wọ́n sì ti ń ṣe é, nítorí náà ooru tí kò pọ̀ máa ń mú un rọ̀, èyí tí ó pọ̀ a sì yọ́ ọ. Ẹ lè lo ìwà rẹ̀ yìí fún àǹfààní ara yín. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tú fọ́nrán tí wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra, lẹ́yìn náà kí ẹ fi bùrọ́ọ̀ṣì onírin wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ya irun ajá, yà á láti ìdí lọ sí òkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ di òkè rẹ̀ mú ṣinṣin bí ẹ ti ń yà á. Fọ́nrán wẹ́wẹ́ púpọ̀ yóò já bọ́. Kí ẹ̀rù má bà yín. Nígbà tí ó bá ti tú tán, ẹ fi aṣọ tútù díẹ̀ bò ó, ẹ dín ooru áyọ́ọ̀nù kù dé ibi tí ó kéré jù, kí ẹ sì fà á kọjá kíákíá láìdúró lójú kan. Orí ègé tí ẹ kò nílò ni kí ẹ ti dán an wò. Bí ó bá ti nà, kì í ká padà mọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá ń fẹ́ irun tí ó ká kò gbọ́dọ̀ nà án rárá.

Bí ó bá jẹ́ pé súwẹ́tà àtijọ́ ni ẹ tú, tí ẹ kò sì mọ ohun tí wọ́n fi hun ún, ẹ fi iná kan ìdí fọ́nrán kékeré kan lórí abọ́ omi. Ákírílíìkì yóò yọ́, yóò sì di kókó dúdú líle. Irun àgùntàn yóò rùn bí irun tí ó jóná, iná rẹ̀ yóò tètè kú, eérú rẹ̀ yóò sì fọ́ lábẹ́ ìka.

Ìbéèrè: Mo fi wúùlù ṣe wíìgì tí ó kún dáadáa, àwọn ènìyàn sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé e fún wákàtí mélòó kan, orí a máa fọ́ mi, irun ẹ̀gbẹ́ etí mi sì ti ń já. (Ẹni Tí Orí Ń Fọ́)

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe dé e mọ́ títí ẹ óo fi dín in kù. Irun tí ó ń já lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí jẹ́ àmì pé nǹkan ń fa gbòǹgbò rẹ̀, bí fífà náà bá sì pẹ́, ibẹ̀ lè pá tí irun kò sì ní hù níbẹ̀ mọ́. Kò sí ìyìn tí ó tó láti fi irun orí ẹni ra. Bí ibẹ̀ bá ń ta yín, tí róro wẹ́wẹ́ sì ń sú síbẹ̀, ẹ lọ rí dókítà awọ ara.

Ó jọ pé wúwo wíìgì náà àti bí ó ṣe fún mọ́ orí ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé bí wúùlù bá ti pọ̀ tó ni irun yóò ti lẹ́wà tó, nítorí náà wọn a rán ìlà kan mọ́ èkejì láìfi àyè sílẹ̀. Iwájú orí àti ibi tí a ti la irun nìkan ni ojú ń wò, nítorí náà àwọn ibẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí ó kún. Ní ẹ̀yìn àti àárín, ẹ fi àyè ìka kan tàbí méjì sílẹ̀ láàárín ìlà, nítorí pé èyí tí ó wà lókè yóò bo èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá tún ya wúùlù náà bí mo ti ṣàlàyé lókè, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò kún ju ọ̀pọ̀ èyí tí a kò yà lọ. Ẹ gé e kúrú pẹ̀lú, kí ẹ sì rán an mọ́ fìlà àwọ̀n tí ó fẹ̀ tó orí yín, kí ó má baà jẹ́ pé rọ́bà fífún ni yóò máa dì í mú níwájú orí.

Ìbéèrè: Báwo ni a ṣe ń fọ irun wúùlù, ṣé a sì lè rẹ ẹ́ láró?

Ìdáhùn: Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì kí ó gbẹ. Aró tí a ń lò fún aṣọ òwú kì í mú ákírílíìkì. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti irun gidi, ẹ ra ìdì méjì tàbí mẹ́ta tí àwọ̀ wọn sún mọ́ra, bí dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ tí ó ṣókùnkùn, kí ẹ sì pa wọ́n pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń so ó.