Ṣé wọ́n hùmọ̀ nọ́ńbà ni àbí ó kàn ti wà bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2, ní Múṣin níbí, ti ní òun ò ṣe asáínmẹ́ǹtì ìṣirò mọ́, ó ní àwọn kan ló jókòó síbì kan tí wọ́n hùmọ̀ pé máínọ́ọ̀sì táìmùsì máínọ́ọ̀sì á di púlọ́ọ̀sì. Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé wọ́n hùmọ̀ nọ́ńbà ni àbí ó kàn ti wà?

Ìdáhùn: Ọmọ yẹn ò gọ̀ rárá mà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ṣì ń fa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Gödel, onímọ̀ ìṣirò kan, gbà pé nọ́ńbà ti wà kéèyàn tó dé ibẹ̀, Kronecker, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ni wọ́n ní ó sọ pé Ọlọ́run ló dá 1, 2, 3 lọ, ìyókù iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni. Tèmi ni pé àwa la ṣe àmì àti orúkọ, àmọ́ ohun tó ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, kò sí lọ́wọ́ wa.

Ẹ gbé kíréètì ẹyin kan síwájú ẹ̀, ọgbọ̀n ni, ìlà márùn-ún, mẹ́fà mẹ́fà, ó gún régé. Ẹ wá mú ẹyọ kan kúrò (ẹ lọ dín in jẹ), kẹ́ ẹ ní kó to 29 tó kù sí ìlà tó dọ́gba, ì báà jẹ́ méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta, márùn-ún márùn-ún, kò ní gbà, àfi tó bá to gbogbo ẹ̀ sí ìlà kan gbọọrọ. Ta ló ṣòfin yẹn? Kò sẹ́nì kankan, ní Òyìngbò o, ní Ṣáínà o, bákan náà ni.

Ti máínọ́ọ̀sì, òótọ́ ni pé èèyàn ló mú un wọlé. Brahmagupta, onímọ̀ ìṣirò kan ní Íńdíà, kọ òfin ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 628, gbèsè ló pè é, àmọ́ kò lè ṣòfin yẹn bó ṣe wù ú. Ẹ ní kí ọmọ kọ ọ́ wálẹ̀:

−3 × 2 = −6
−3 × 1 = −3
−3 × 0 = 0

Mẹ́ta mẹ́ta ló ń gòkè, àbí? Ẹ wá bi í, −3 × −1 ńkọ́? Tó bá ní −3, á jẹ́ pé ó tún ti já wálẹ̀ nìyẹn, gbogbo ohun tó kọ sókè á dàrú, 3 nìkan ló lè bọ́ síbẹ̀. Ẹ má sọ ìdáhùn fún un o, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, àwa tíṣà la máa ń ní kí wọ́n há a sórí, ìyẹn ló ń bí wọn nínú. Tó bá tún fẹ́ jiyàn, kó parí asáínmẹ́ǹtì ná.