Ẹ Bi Ìyá Alájẹ́sì: Ẹni Tó Fẹ́ Ra Jẹ́sì Fún Wa Ní Ká Pa Àwọ̀ Wa Dà

Ìbéèrè: Ìyá Alájẹ́sì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó ojú ìwé yìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa níhìn-ín l'Abẹ́òkúta, lápá Ìbarà. Láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni jẹ́sì ilé wa ti jẹ́ aláwọ̀ aró, tí apá rẹ̀ méjèèjì sì funfun. Ọmọ àdúgbò wa kan tó ń ṣòwò l'Ékòó ti ṣèlérí pé òun máa ra jẹ́sì, bàtà àti bọ́ọ̀lù fún wa. Ó kàn ní yẹ́lò tí ilé iṣẹ́ òun ń lò ni ká máa wọ̀, ká sì gbàgbé apá funfun. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ní ká gbà á kíá. Àwọn àgbà fàáké kọ́rí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní Arsenal àti Barcelona gan-an ń pààrọ̀ jẹ́sì lọ́dọọdún, kí ló wá dé tí tiwa fi di òrìṣà? Ẹ dákun, báwo la ṣe máa ṣe é? (Akọ̀wé, Ìbarà)

Ìdáhùn: Akọ̀wé, mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Kí n tó dáhùn, mo ní kó o ya fọ́tò jẹ́sì tó pẹ́ jù lọ́wọ́ yín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, o sì ṣe bẹ́ẹ̀. O ṣeun. Mo fẹ fọ́tò yẹn títí ó fi kún ojú fóònù mi. Aṣọ òwú ni, kì í ṣe pólíẹ́sítà tí à ń rán lónìí. Aṣọ funfun ni wọ́n gé ṣe nọ́ńbà 5 tó wà lẹ́yìn, wọ́n fi ẹ̀rọ rán an mọ́ ọn, ìsàlẹ̀ nọ́ńbà náà sì wọ́ díẹ̀. Níbi tí apá ti pàdé èjìká, funfun ti di búlúù rẹ́súrẹ́sú. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìtòkú, ibi iṣẹ́ àdìrẹ, bíi tèmi kò nílò àlàyé lórí ìyẹn: wọn ò ṣan aṣọ tí wọ́n pa láró yẹn dáadáa kí télọ̀ tó rán an mọ́ funfun, aró sì ta sí i lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Síbẹ̀ wọ́n wọ̀ ọ́ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dòní.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹ gba oore ọkùnrin yẹn bó bá ṣeé gbà, àmọ́ ẹ má fi jẹ́sì ilé yín ṣe pààrọ̀.

Ọmọkùnrin tó dárúkọ Arsenal, òótọ́ ló sọ, ó kàn sọ ọ́ dé ìdajì ni. Arsenal ń ta jẹ́sì tuntun lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń yí padà? Ọrùn aṣọ ni, etí apá ni, bí pupa náà ṣe ki tó ni, orúkọ onígbọ̀wọ́ ni. Àyà pupa, apá funfun, ìyẹn dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ní Woolwich ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1886. Nottingham Forest, tí díẹ̀ nínú wọn ti bá gbá bọ́ọ̀lù rí, ló fi jẹ́sì pupa àti bọ́ọ̀lù kan ta wọ́n lọ́rẹ. Àwọn àgbà ní aṣọ àgbàwọ̀ kì í yẹni. Èyí yẹ wọ́n. Nígbà tó di 1933 ni Herbert Chapman, máníjà wọn, fi apá funfun kún un. Wọ́n yọ funfun náà kúrò ní 1965, kò ju sáà méjì lọ tí wọ́n fi dá a padà. Ní sáà 2005 sí 2006 tí wọ́n fi dágbére fún pápá Highbury, wọ́n wọ pupa tó ṣú dẹ́dẹ́ láti fi rántí ìgbà tí wọ́n kó dé ibẹ̀ ní 1913. Sáà tó tẹ̀ lé e, apá funfun ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Barcelona ńkọ́? Ìlà òòró búlúù àti pupa la fi mọ̀ wọ́n. Ní 2015 wọ́n dà á sí ìbú. Ní 2019 wọ́n gé e ní onígun mẹ́rin-mẹ́rin bíi ti Croatia. Èwo nínú méjèèjì ni wọ́n wá fi ṣe aṣọ ayérayé? Kò sí. Juventus náà yọ ìlà dúdú àti funfun kúrò lọ́dún 2019 yẹn kan náà, wọ́n pín aṣọ sí dúdú lápá kan, funfun lápá kejì, wọ́n fi ìlà pinki sí àárín. Sáà kan péré. Ilé iṣẹ́ tó ń rán jẹ́sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan tuntun tà, mi ò bá wọn jà, èmi náà ń ta jẹ́sì. Àmọ́ ìdí tí wọ́n fi lè máa ṣeré yẹn ni pé wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa padà sí.

Níbi iṣẹ́ tiwa, ẹni tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ lè ya àwòrán tí à ń pè ní Ìbàdàndùn kó tóbi, kó kéré, kó fi ìlà kún ìlà. Tó bá yọ òpó gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn kúrò nínú rẹ̀, ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni l'Ítòkú tó máa bá a pè é ní Ìbàdàndùn. Ẹ bi ara yín: èwo ni òpó nínú jẹ́sì tiyín? Lójú tèmi, aró àti apá funfun ni. Ọrùn aṣọ, bátìnì, ìlà etí, irú lẹ́tà tí ẹ fi kọ nọ́ńbà, ẹ gbé gbogbo ìyẹn fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n máa gbádùn rẹ̀, ẹ̀yin náà máa sinmi ariwo.

Kí àwọn àgbà yín náà má sì fi tiwọn ṣe bí ẹni pé láti ọ̀run ni jẹ́sì ti wá. Leeds ń wọ búlúù àti yẹ́lò kí Don Revie, máníjà wọn, tó ní kí wọ́n máa wọ funfun láti òkè délẹ̀ bíi Real Madrid ní 1961. Liverpool ń wọ ṣòkòtò funfun títí di 1964, kí Bill Shankly, máníjà tiwọn, tó sọ gbogbo rẹ̀ di pupa. Juventus tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, pinki ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ̀, ó sì ń ṣá (mo mọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dáadáa), kí wọ́n tó gba onílà dúdú àti funfun ti Notts County, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ní 1903. Àwa gan-an ní Nàìjíríà, kí òmìnira tó dé, pupa ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa ń wọ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní Red Devils. Ta ló tún ń sunkún pupa lónìí? Torí náà ẹgbẹ́ lè yí aṣọ padà, kó sì dára. Ohun tí mò ń wò ni ẹni tó fẹ́ yí i àti ohun tó ń wá. Revie àti Shankly wà nínú ẹgbẹ́, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń rò. Ọkùnrin tiyín, àwọ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rò. Kò burú pé ó ń rò ó, òwò ni. Kì í ṣe òun ló máa dá a ṣe ni.

Ẹ wo ti Cardiff City ní Wales. Búlúù ni wọ́n, ẹyẹ búlúù ni orúkọ ìnagijẹ wọn pàápàá. Ní 2012, Vincent Tan, olówó ará Malaysia tó ra ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n máa wọ pupa nílé, kí ẹyẹ náà sì fún dírágónì láyè lára báàjì. Owó tiẹ̀ ló ń gbé ẹgbẹ́ dúró, ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló ń wà lókè. Ọ̀pọ̀ gbà, wọ́n dákẹ́. Sáà àkọ́kọ́ nínú pupa, wọ́n gba líìgì tí wọ́n wà, wọ́n gòkè sí Premier League ní 2013. Ká sọ pé àwa ni, a ti máa pe pupa yẹn ní oríire! Àmọ́ àwọn èèyàn ṣì ń wọ búlúù wá sí pápá, wọ́n ń fi orin bèèrè fún un, ìjàngbọ̀n náà kò tán. Ní oṣù kìíní 2015, ọkùnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ dá búlúù padà. Ó ṣẹ́gun nínú pupa, kò ràn án lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kà fún àwọn ọ̀dọ́ yín nípàdé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ká wọn lára débi pé òfin ti wọ̀ ọ́. Nínú òfin ìṣàkóso bọ́ọ̀lù tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2025, ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ yí báàjì rẹ̀ tàbí àwọ̀ tó gbilẹ̀ lára jẹ́sì ilé padà àfi tó bá ti wádìí pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní England àti Wales fara mọ́ ọn. England àti Wales ni wọ́n kọ síbẹ̀ o! Gbogbo ariwo tí à ń pa ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Pánṣẹ́kẹ́, tí a fi ń bá ara wa ṣọ̀tá títí di ọjọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó máa ka ìbò wa níbẹ̀. Àwọ̀ nìkan ni òfin náà sì dárúkọ, kò dá sí ìlà tàbí apá. Ní Ìbarà ńkọ́, ìbò wà lọ́wọ́ yín, ẹ dì í.

Nǹkan kan tún wà tí mo rò pé ẹ ò tíì rò. Kí lẹ máa ń ṣe tí ẹgbẹ́ tó wá bá yín gbá bọ́ọ̀lù bá wọ búlúù? Mo mọ̀ ọ́n: ẹnì kan á sáré lọ yá fẹ́sìtì, tàbí kí wọ́n bọ́ra sílẹ̀. Ẹgbẹ́ nílò jẹ́sì kejì. Ẹ sọ fún ọmọ àdúgbò yín pé yẹ́lò tiẹ̀ ni jẹ́sì òde yín láti òní lọ, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ gàdàgbà láyà. Yẹ́lò hàn dáadáa nínú eruku ìrọ̀lẹ́, òun gan-an á sì rí ohun tó ń wá. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ wá àṣà lára jẹ́sì òde, kó ṣáà ti hàn. Man U wọ àwọ̀ eérú lọ sí Southampton ní oṣù kẹrin 1996, Southampton gbá gólù mẹ́ta wọlé wọn kí ìdajì àkọ́kọ́ eré tó parí, Alex Ferguson, máníjà wọn, ní kí wọ́n bọ́ ọ torí àwọn ọmọ òun kò rí ara wọn. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ṣì fìdí rẹmi 3 sí 1.

Lára jẹ́sì ilé, ẹ fún un láyè kékeré láyà tàbí lábẹ́ nọ́ńbà. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ iye sáà tó máa wà níbẹ̀, kí ẹ̀yin àti òun fọwọ́ sí i. Bó bá ní àfi yẹ́lò nílé lóko, ẹ kí i dáadáa, ẹ ṣàdúrà fún un, kí ẹ dáwó. Ẹni tó ń fúnni ní jẹ́sì lónìí lè má sí nílé lọ́dún tó ń bọ̀, yẹ́lò rẹ̀ á sì wà lọ́rùn yín. Ẹ̀yin ọmọ Abẹ́òkúta, ẹ kúkú rí i: Abiola Babes, ẹgbẹ́ Olóyè M.K.O. Abiola tí kò sí mọ́, gba ife ẹ̀yẹ Challenge Cup ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1985, wọ́n tún gbà á ní 1987. Bi ọmọ ogún ọdún kan ní Kútọ̀ pé kí ni wọ́n ń wọ̀, á kàn máa wò ọ́. Àwọn tó ń lọ sí pápá nígbà yẹn nìkan ló lè sọ. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ tó gba líìgì Nàìjíríà ní 2025, ọmọdé gbogbo ti mọ̀ pé búlúù ojú ọ̀run ni tiwọn. Ẹ jẹ́ kí tiyín náà rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan kí n tó fi ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ jẹ́sì tuntun, ẹ má fi fọ́tò fóònù bá onítẹ̀wé sọ àwọ̀. Aró tó dára lójú kọ̀ǹpútà máa ń di àwọ̀ àlùkò lára pólíẹ́sítà. Gbé jẹ́sì àtijọ́ yẹn gan-an lọ, ní kó tẹ aṣọ pélébé kan ṣáájú, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì síta wò nínú oòrùn. Kó sì gé apá funfun lọ́tọ̀, kó rán an mọ́ ọn. Àwọn kan máa ń tẹ búlúù sórí gbogbo aṣọ, wọ́n á kàn fi ibi apá sílẹ̀ ní funfun. Lójú rírán ni búlúù á ti máa yọ jáde.

Ìbéèrè: Ìyá wa, àwọn ọmọkùnrin mi mẹ́ta ń sunkún jẹ́sì tuntun Chelsea lọ́dọọdún. Ṣé ó pọn dandan? (Ìyá àwọn ọmọ, Láfẹ́nwá)

Ìdáhùn: Kò pọn dandan rárá. Ra búlúù kan tó tóbi díẹ̀ fún ẹni tó dàgbà jù, kó máa bọ́ sílẹ̀ fún àbúrò. Má jẹ́ kí wọ́n tẹ orúkọ agbábọ́ọ̀lù sí i lẹ́yìn: wọ́n lè ta onítọ̀hún ní oṣù kìíní, ẹkún míì ló máa bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ rẹ ni kó o ní kí wọ́n tẹ̀, wọn ò ní tà wọ́n.

Ìbéèrè: Nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì mi ti ń bó. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? (Ọmọ Sápọ́n)

Ìdáhùn: Ó jọ pé ò ń lọ̀ ọ́ ni. Yí inú rẹ̀ síta, fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, má fi jíìkì sí i, sá a sí ibòòji. Áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ kan nọ́ńbà. Èyí tó ti ń bó yẹn, má fi ọwọ́ já a, má sì fi gúlù lẹ̀ ẹ́. Gbé e lọ bá onítẹ̀wé nígbà tó ṣì dì mọ́ aṣọ díẹ̀, kó fi bébà bò ó, kó tún fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti bó tán, àfi kó tẹ òmíràn.