Fáìlì Lọ́yà Bàbá: Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Bàbá wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Láti 2018 ni ilé wọn ní Láfíàjí ti di ẹjọ́ láàrin àwọn àti ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. Ní 2021, lọ́yà wọn mú wọn tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn, wọ́n yọ̀ǹda ìdajì ilé, kóòtù sì sọ àdéhùn náà di ìdájọ́. Lásìkò yẹn, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni bàbá fi ń pè mí. A ti gba lọ́yà mìíràn, ó sì ti pe ẹjọ́ tuntun lórúkọ bàbá kí wọ́n lè fagi lé ìdájọ́ náà. Àwọn tá à ń bá ṣẹjọ́ wá ní kí kóòtù pe lọ́yà àkọ́kọ́ kó gbé gbogbo fáìlì rẹ̀ wá, pé ibẹ̀ ló ti máa hàn pé orí bàbá pé. Lọ́yà náà ní òun ti ṣetán. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?
*Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó*

Ìdáhùn: Bóyá lọ́yà ṣetán tàbí kò ṣetán, ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí. Àṣírí bàbá ni, kì í ṣe tirẹ̀. Abala 192 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 kò gbà kí lọ́yà tú ohun tí oníbàárà bá a sọ nídìí iṣẹ́, tàbí ìmọ̀ràn tó fún un, tàbí ohun tó kà nínú ìwé tó tìtorí iṣẹ́ náà bọ́ sí i lọ́wọ́, àfi bí oníbàárà bá gbà fún un ní kedere. Iṣẹ́ lè parí, èèwọ̀ yìí kì í parí. Abala 193 sì ti de akọ̀wé ọ́fíìsì àti ògbufọ̀ mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ohun tí òfin yọ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ láti fi ṣe ohun tí kò bófin mu, àti ìwà ọ̀daràn tàbí jìbìtì tí lọ́yà fojú rí lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwé ìpè kóòtù kì í ṣe ohun à ń fojú fò. Lọ́yà náà gbọ́dọ̀ wá, kó sì gbé fáìlì dání. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó nà án sí agbẹjọ́rò kejì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù. Iwájú adájọ́ ni yóò ti sọ pé òfin de òun lẹ́nu, adájọ́ ni yóò sì sọ èyí tó máa jáde. Kí lọ́yà yín tuntun ti kọ̀wé ta ko ìpè náà kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé. Ẹyin lohùn, bí ojú-ìwé kan bá ti di kíkà sétígbọ̀ọ́ kóòtù, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó o padà.

“Gbogbo fáìlì” tí wọ́n béèrè yẹn ni ẹ̀yin fi máa borí wọn. Fáìlì ẹjọ́ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bí ẹ bá tú u sórí tábìlì, ìdì mẹ́ta ni ẹ máa rí. Ìdì kìíní kò ní àṣírí kankan: ìwé tí kóòtù ti lù lóǹtẹ̀, lẹ́tà tí àwọn lọ́yà méjèèjì kọ síra wọn, àdéhùn náà fúnra rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbangba kóòtù. Ìdì kejì ni ohun tí bàbá sọ, ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà wọ́n, àti àwọn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ, tí wọ́n tún fi pẹ́ńsù fà lára. Èyí ló wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ìdì kẹta ni ìjà wà: ọjọ́ tí bàbá wá sí ọ́fíìsì, ẹni tó mú wọn wá, ẹni tó sanwó, wákàtí tí wọ́n lò. Pé bàbá wá lọ́jọ́ Túsìdeè kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ, nítorí náà ẹ má fi gbogbo agbára yín dáàbò bo ìyẹn.

Ẹ má fojú kékeré wo ìdì kìíní. Nígbà tí wọ́n dáná sun kóòtù Ìgbóṣèrè ní oṣù Kẹwàá 2020, ọ̀pọ̀ fáìlì bá iná lọ. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ yín wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ tó wà lọ́wọ́ lọ́yà àkọ́kọ́ lè jẹ́ òun nìkan ló kù láyé. Kí ẹ sì wo ojú-ìwé tó kẹ́yìn nínú àdéhùn náà dáadáa. Ìka bàbá ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó sì máa ń buwọ́ lùwé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n? Wọ́n ha kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n kà á sí bàbá létí ní Yorùbá bí? Orúkọ ta ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kà á? Ọjọ́ tó wà lábẹ́ ìka ńkọ́, ṣé ọjọ́ tí wọ́n wọ kóòtù gan-an ni? Ojú-ìwé yìí ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ tó lò ó.

Wọ́n á tún jiyàn pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín ti fa ọ̀rọ̀ ọpọlọ bàbá jáde, ẹ ti tú àṣírí náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ Paragon Finance àti Freshfields ti 1999 fi hàn pé oníbàárà tó bá pe lọ́yà tirẹ̀ lẹ́jọ́ ló ṣí ìlẹ̀kùn fún lọ́yà yẹn láti gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tó ń bá ẹlòmíràn jà kò ṣí i. Ìdájọ́ wọn kì í de adájọ́ Èkó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbé e yẹ̀ wò. Tí ẹ bá wá ń gbèrò láti pe lọ́yà àkọ́kọ́ náà lẹ́jọ́, kí ẹ mọ̀ pé ìdì kejì máa ṣí fún un dé ibi tí ẹ̀sùn yín bá dé. Wọ́n sì lè na abala 167(d) nínú Òfin Ẹ̀rí yẹn síta, èyí tó ní kóòtù lè gbà pé ẹ̀rí tí èèyàn fi pamọ́ yóò ta ko ẹni tó fi í pamọ́. Èsì yín ni pé ohun tí òfin ní kéèyàn tọ́jú kì í ṣe ohun tó fi pamọ́.

Ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀ jù nìyí o: ẹjọ́ tuntun tí ẹ pè lórúkọ bàbá. Bí làákàyè wọn kò bá pé, ta ló rán lọ́yà yín níṣẹ́? Ọmọ kò lè gba ipò bàbá torí pé ó jẹ́ ọmọ. Ìwé àṣẹ tí bàbá fi yàn yín ṣe aṣojú kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí làákàyè wọn ti lọ. Kóòtù ni yóò yan alágbàtọ́ fún wọn nínú ẹjọ́ náà. Kí lọ́yà yín kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, kó fi ìwé ìbúra àti ìwé dókítà tì í lẹ́yìn. Kí ẹ má yan ẹni tó ń gbowó ilé náà. Wọ́n á ní ikùn rẹ̀ ló ń jà fún. Alágbàtọ́ tí kóòtù bá yàn ló lè sọ̀rọ̀ nípò bàbá lórí fáìlì, kó sì gba àṣẹ adájọ́ kó tó ṣí ohunkóhun. Bó bá wù ú láti yọ ojú-ìwé kan tó gbè yín síta, kó rántí pé àwọn tó kù lórí ọ̀rọ̀ kan náà yóò tẹ̀ lé e.

Tó bá wá kan dókítà. Ẹni tó bá ti dàgbà, òfin gbà pé orí rẹ̀ pé. Ẹ̀yin tó ní kò pé lẹ máa fi hàn. Ìwé tó kàn ní “bàbá ní àrùn ìgbàgbé” kò tó. Ní 2002, nínú ẹjọ́ Masterman-Lister, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọ̀ràn kan pàtó ni wọ́n ń fi wọn làákàyè: ǹjẹ́ ẹni náà lè lóye ẹjọ́ tirẹ̀ bí wọ́n bá ṣàlàyé rẹ̀ fún un? Ọkùnrin tó ni ẹjọ́ náà ti fi orí pa nínú ìjàǹbá ọ̀kadà ní 1980, ó gba owó parí ẹjọ́ ní 1987, ó wá ní orí òun kò pé nígbà yẹn. Ìwé tó ń kọ lójoojúmọ́ àti lẹ́tà rẹ̀ wà lára ohun tó fi hàn pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Ní ti ẹjọ́ Dunhill àti Burgin, ibòmíràn ló forí lé: obìnrin kan fi 12,500 pọ́n-ùn parí ẹjọ́ ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sì sọ ní 2014 pé àdéhùn náà kò dúró, nítorí kò ní làákàyè tí ẹjọ́ tó yẹ kó pè gan-an ń béèrè.

Dókítà tó ń yẹ bàbá wò lónìí kò sí níbẹ̀ ní 2021. Ẹ wá káàdì ilé ìwòsàn ti 2020 àti 2021 jáde, ì báà jẹ́ ti Yábàá, ti Ìdí-Àràbà, tàbí ti ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò: ọjọ́ tí wọ́n lọ, oògùn tí wọ́n kọ fún wọn, ohun tí nọ́ọ̀sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Fáìlì yìí rọrùn láti ṣí ju ti lọ́yà lọ, nítorí abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti 2014 gbà kí wọ́n fi hàn bí kóòtù bá pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fún dókítà ní ìwé kankan láti inú ìdì kejì. Bó bá fa ọ̀rọ̀ yọ nínú rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ gbé e wá.

Ìbéèrè: Lọ́yà ni mí ní Sùúrùlérè, mi ò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́. Màmá kan gbé ẹjọ́ ilẹ̀ fún mi, ohun tí wọ́n sọ lánàá kì í bá ti òní mu mọ́. Kí ni kí n máa kọ sínú fáìlì?

Ìdáhùn: Ọjọ́, aago tí màmá wọlé àti èyí tí wọ́n jáde, ẹni tó mú wọn wá, ẹni tó jókòó tì yín, èdè tí ẹ sọ. Ní kí ọmọ wọn bọ́ síta nígbà tí ẹ bá dé orí ohun tí màmá fẹ́. Má bi wọ́n pé “Ṣó yé yín, mà?” Kò sí àgbàlagbà Èkó tí kò ní dá ọ lóhùn pé “Ó yé mi, ọmọ mi.” Ní kí wọ́n tún un sọ fún ọ, kí o sì kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, ní Yorùbá. “Kí wọ́n fún mi níwájú, kí wọ́n mú ẹ̀yìn, mi ò fẹ́ wàhálà mọ́” fi làákàyè hàn ju gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní màmá ti gbà lọ.

Má kọ ọ́ pé màmá ti ń ṣarán. Ìwọ kọ́ ni dókítà. Kọ ohun tí o rí: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n béèrè orúkọ adájọ́. Rí i dájú pé wọ́n gbọ́ràn, pé awò ojú wọn wà níbẹ̀, kí o sì tún rí wọn láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, torí ọ̀pọ̀ ẹni tí ìgbàgbé ń bá jà ló máa ń burú sí i bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ohun tí o fojú rí, kọ ọ́ sí ojú-ìwé tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí ìmọ̀ràn rẹ, kí ọ̀kan lè jáde láìfa èkejì. Bí iyèméjì bá ṣì wà, dá iṣẹ́ dúró kí dókítà fi yẹ̀ wọ́n wò. Nínú ẹjọ́ Yonge àti Toynbee ti 1910, àwọn lọ́yà ń bá ẹjọ́ lọ láìmọ̀ pé orí oníbàárà wọn ti dàrú. Àpò tiwọn ni owó ẹjọ́ ti jáde.

Ìbéèrè: Lọ́yà tó ṣe wíìlì ìyá wa tó ti kú kò fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ṣé a lè fipá mú un? *Ọmọ ìyá mẹ́ta, Mushin*

Ìdáhùn: Àṣírí ò bá òkú lọ, ọwọ́ àwọn tí ìyá yàn pé kí wọ́n mú wíìlì ṣẹ ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà pẹ̀lẹ́tù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, látìgbà ẹjọ́ Larke àti Nugus ti 1979, wọ́n ń retí pé kí lọ́yà tó ṣe wíìlì tó di ìjà sọ bó ṣe lọ: ìgbà tó ti mọ olóògbé, ẹni tó wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe kà á, bóyá wíìlì mìíràn ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ lo ìbéèrè wọ̀nyẹn. Ọ̀rọ̀ tiyín sì yàtọ̀ sí ti ẹni Ìsàlẹ̀ Èkó lókè: láti ìgbà ẹjọ́ Johnson àti Maja ti 1951, ẹni tó gbé wíìlì wá ló máa kọ́kọ́ fi hàn pé orí ìyá pé.

Bí lọ́yà bá kọ̀, ẹlẹ́rìí méjì ló buwọ́ lu wíìlì náà. Bí wọn kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀, òfin àṣírí ò dè wọ́n. Ẹ tètè wá wọn, kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ bi wọ́n bóyá àwọn méjèèjì wà nínú yàrá kan náà nígbà tí màmá ń fọwọ́ sí i. Bí ọ̀kan bá wà ní gbọ̀ngán lásìkò yẹn, wíìlì náà lè ṣubú láìtíì kan ọ̀rọ̀ làákàyè rárá.