Ẹ má yọ àmì kúrò lórí eré ọ̀rọ̀ Kérésì yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ìdílé wa máa ń kóra jọ lọ́jọ́ Kérésì, a máa ń tó ogún, tọmọdé tàgbà. A fẹ́ da lẹ́tà ọ̀rọ̀ Yorùbá rú kí ẹgbẹ́ méjì máa tò ó padà. Ẹ bá wa wá ọ̀rọ̀ 20 àti ìbéèrè Bíbélì díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì sí i, kó má bàa le fún àwọn ọmọ.

Ìdáhùn: Gbogbo ẹ̀yin tó ń béèrè èyí lẹ ń bẹ̀ mí pé kí n yọ àmì. N ò ní yọ ọ́. Àìsí àmì gan-an ló ń mú eré náà le.

Lọ́dún tó kọjá, mo ṣe adájọ́ níbi irú eré yìí. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ kọ o, o, k sára pátákó. Ọmọ kan ní ọkọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ní ọkọ ni. Bàbá àgbà kan dìde, ó ní ọkọ́ ni, òun lòun fi tọ́ gbogbo wọn. Ẹnì kan tún pariwo láti ẹ̀yìn pé oko àti ọ̀kọ̀ ńkọ́? Gbogbo wọn ló jàre. Ìrẹsì tutù kí n tó parí ẹjọ́.

Ká ní ọ, ọ́, k ló kọ ni, ìdáhùn kan péré ló wà. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá tí a kò yá kì í fi fáwẹ̀lì olóhùn òkè bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ́ kò lè ṣíwájú: ọkọ́ ni. Àmì yẹn ni atọ́nà fún ọmọdé. Ẹ gbé á, gb, i fún wọn, ẹ ó rí i bí wọn ó ṣe yára dé igbá.

Ẹ má sì pín gb sí méjì! Lẹ́tà kan ni nínú 25 tí a ní. Un, in àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń gba imú jáde náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n so pọ̀: ọdún á di ún, d, ọ. Ẹ fi ẹ̀bùn, ìràwọ̀ àti adìẹ kún un. Bí ẹ bá ní àwọn àǹtí tó ń ṣe Iléyá nínú ilé, ẹ fi àgbò sí i. Ẹ wá ìyókù nínú ilé ìdáná yín.

Ti Bíbélì: ẹ má béèrè iye amòye tó wá. Mátíù orí 2 kò kà wọ́n. Ẹ̀bùn mẹ́ta ló dárúkọ, wúrà, tùràrí àti òjíá; ìyẹn ni kẹ́ ẹ béèrè.

Bí wọ́n bá ń se mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, ẹ pa àlọ́ yìí: Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Ẹ̀wà ni. Ẹ kọ àlọ́ yẹn láìsí àmì ohùn, kí ọmọ London kan ka igba sí ìgbà, àlọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi dá yín lóhùn o. Àgbà Èkìtì lè ní ulé ni òun ń pe ilé, kò sì ṣìnà. Torí náà, ẹ yan adájọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì lọ ta owó lé e tí ìjà dé, ẹ má dárúkọ mi.