Ó rí Fiesta ST, ó wù ú, díílà wá ní kó fi £899 sí i fún wọ́ránti: ṣé kó san án?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú òtútù. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ ọdún 27, Gillingham ní Kent là ń gbé. Corsa tí mò ń wà lọ síbi iṣẹ́ òru ti darúgbó, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ti sú mi. Mo wá rí Ford Fiesta ST pupa kan, ti 2016, ilẹ̀kùn mẹ́ta, ó ti rin 58,000 máìlì, £7,995 ni wọ́n pè é. Mo wà á wò, mi ò lè purọ́ fún yín, ẹ̀rín ni mò ń rín títí mo fi dá a padà. Ṣùgbọ́n díílà ní kí n fi £899 sí i fún wọ́ránti ọdún 2, pé ẹni tí ò bá gbà á, tẹ́tẹ́ ló ń ta. Ọkọ mi ní kí n fi mọ́tò eré sílẹ̀ kí n ra Toyota Yaris hybrid (tó ń lo epo àti iná) kí gbogbo wa lè sùn. A ní ọmọ ọdún 2 kan. Ẹ bá wa dá sí i.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, kí n kọ́kọ́ kí ọkọ ẹ ná, torí òun ni wàá pè láàárọ̀ ọjọ́ tí mọ́tò bá kọ̀ sójú ọ̀nà. Kò ṣìnà o. Tó bá jẹ́ ká ṣáà sùn la wá, Yaris ni, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ ò bi mí léèrè mọ́tò tó ń jẹ́ kéèyàn sùn, Fiesta ST lo bi mí, ẹni tí iyán bá sì ń wù, téèyàn bá gbé ẹ̀bà síwájú ẹ̀ ó lè jẹ ẹ́ tán o, ojú ẹ̀ á ṣì máa wo ọ̀nà odó.

Mọ́tò yẹn dáa, kí n sọ ọ́ síta. Àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2013 sí 2017, ẹ́ńjìnnì 1.6 EcoBoost ló wà nínú wọn, tọ́bò, agbára 182 PS, jíà mánúà mẹ́fà, láti orí òdo dé 62 máìlì láàárín sẹ́kọ́ọ̀ǹdù 6.9. Àwọn tó tẹ̀ lé e ní 2018, ẹ́ńjìnnì 1.5 onísìlíńdà mẹ́ta ni, 200 PS, ṣùgbọ́n owó wọn ṣì ga sí tiwa. Ford ò tiẹ̀ ṣe Fiesta kankan mọ́, July 2023 ni èyí tó gbẹ̀yìn jáde ní Cologne lọ́hùn-ún ní Jámánì. Kí ìyẹn má dẹ́rù bà ẹ́, Fiesta pọ̀ nílùú yìí bí ẹyẹlé ni, páàtì ẹ̀ ò ní wọ́n láìpẹ́.

Ohun tó máa rẹ̀ ẹ́ lára ẹ̀ nìyí: ó le. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ ò mọ àánú, gbogbo kòtò tó wà láàárín ilé ẹ sí ọsibítù lo máa mọ̀ lórúkọ. Kì í tètè yí padà lójú ọ̀nà tóóró, ibi tí Corsa ẹ ti ń yí lẹ́ẹ̀kan, òun á fẹ́ rífáàsì díẹ̀ sí i. Ilẹ̀kùn mẹ́ta sì rèé, kí o tó san kọ́bọ̀, gbé síítì ọmọ ẹ lọ sọ́dọ̀ díílà, fi ọwọ́ ara ẹ dè é sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ká máa wò ó bóyá ẹ̀yìn ẹ á ṣì fẹ́ ra mọ́tò náà.

Ó dáa, ká wá sórí ẹ́ńjìnnì, torí ibẹ̀ ni owó ń gbé. 1.6 yìí ní ìtàn kan. Ford pe ọ̀pọ̀ lára wọn padà, Fiesta ST wà níbẹ̀, torí pé tí omi rédíétọ̀ ò bá lọ yíká dáadáa, ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, tọ́ọ̀pù sìlíńdà á sán, ọ́ìlì á máa jò sórí ibi tó gbóná, iná lè ràn. Kì í ṣe gbogbo ọdún ló kàn, ti 2016 tìẹ lè máà sí nínú ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n yíyẹ̀ ẹ́ wò ò ná ẹ ní nǹkan kan: lọ sí gov.uk, ìkànnì ìjọba, tẹ nọ́ńbà mọ́tò sí i, wàá rí bóyá recall kan, ìyẹn ìpè padà bẹ́ẹ̀, ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ibẹ̀ náà lo ti máa rí gbogbo MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí mọ́tò ṣe, tó ti ṣe, ọdún tó féèlì, ohun tó jẹ́ kó féèlì, àti iye máìlì tó wà lójú ẹ̀ lọ́dọọdún. Bí máìlì bá lọ sókè tó tún wálẹ̀, máa lọ sílé ẹ.

Wàyí o, fóònù díílà kí o tó lọ, sọ fún un pé o fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì ní tútù. Bí o bá débẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ẹ ni kí o kọ́kọ́ fi lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí o tó kí ẹnikẹ́ni. Tó bá ti lọ́ọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti gbé nǹkan pamọ́ fún ẹ nìyẹn, tàbí wọ́n kàn ń ṣe bíi díílà, sọ fún wọn pé wàá padà wá lọ́la. Tó bá tutù, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wo ike tí omi rédíétọ̀ wà nínú ẹ̀, omi yẹn gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì, kó mọ́, kí ọ̀rá má léfòó lórí ẹ̀. Èmi a máa ki ìka bọ abẹ́ páìpù rọ́bà tó wọnú rédíétọ̀, kí n wò ó bóyá nǹkan funfun bí iyọ̀ ti gbẹ síbẹ̀, torí ibi tí omi bá ti ń jò díẹ̀díẹ̀ á fi àmì sílẹ̀ kódà kí díílà fọ gbogbo ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá mi n'Íbàdàn ló kọ́ mi, tí kì í gba ọ̀rọ̀ onímọ́tò gbọ́ láyé, ó ní oníbàárà lè purọ́ ṣùgbọ́n iyọ̀ ò lè purọ́.

Bí o bá wà á lẹ́ẹ̀kan sí i, wá ọ̀nà tó fẹ̀, wà á ní 30 nínú jíà kẹrin, kí o wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí ariwo ẹ́ńjìnnì bá lọ sókè tí mọ́tò ò sáré tó ariwo ẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ti ń lọ nìyẹn, wọ́ránti kankan ò sì ní bá ẹ san án, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Wo táyà, 205/40 R17 ló ń lò. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ orúkọ kan náà tó sì jẹ́ orúkọ téèyàn mọ̀, ẹni tó wà á tẹ́lẹ̀ ń fowó sí i, tó bá jẹ́ oríṣi mẹ́rin lóríṣiríṣi, bó ṣe ń ṣe ọ́ìlì ẹ̀ náà nìyẹn. Béèrè bóyá wọ́n ti ṣe remap sí i, ìyẹn ni kí wọ́n yí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì padà kí agbára ẹ̀ lè pọ̀ sí i. Wọ́n á ní rárá. Wo sàlẹ́ńsà, wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tí o bá rí páàtì aláwọ̀ mèremère tí ò jọ ti Ford, o ti gbọ́ ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ wọ́ránti. Àwọn èèyàn wa máa ń rò pé ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ́ wọ́ránti, mẹ́ta ni o. Ti ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò nìkíní, ti Ford nílùú yìí jẹ́ ọdún 3 tàbí 60,000 máìlì, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, tìẹ ti kú tipẹ́. Ìkejì ni òfin, Consumer Rights Act 2015, tí wọn kì í dárúkọ ẹ̀ fún ẹ torí òun ò ní owó nínú. Tí o bá ra mọ́tò lọ́wọ́ díílà tí àléébù tí kò yẹ kí wọ́n bá níbẹ̀ ti wà lára ẹ̀ látìgbà tó ti kúrò lọ́wọ́ wọn, o lè dá a padà láàárín ọjọ́ 30 kí o gba gbogbo owó ẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ 30 títí dé oṣù 6, òfin á gbà pé àléébù náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àfi tí díílà bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á láǹfààní ẹ̀ẹ̀kan láti tún un ṣe, tí ìyẹn ò bá ràn, o lè dá a padà tàbí kí wọ́n dín owó kù fún ẹ. Kì í ṣe pé páàdì bíréèkì tó jẹ tán lẹ́yìn oṣù 4 á di ẹjọ́ o, mọ́tò 58,000 máìlì ni. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: nínú ọdún 2 tí wọ́n fẹ́ tà fún ẹ yẹn, oṣù 6 àkọ́kọ́, tìẹ ni tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń ta mọ́tò ara ẹ̀ lo ti rà á, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, kò sí àǹfààní wọ̀nyí níbẹ̀.

Ìkẹta ni èyí tí wọ́n ń tà fún ẹ ní £899. Má kàn ka ojú ewé àkọ́kọ́ tí wọ́n ya àwòrán ẹ́ńjìnnì sí, ní kí wọ́n fún ẹ ní ìwé tó kún, lọ sẹ́yìn níbi tí lẹ́tà ti kéré bí eèrà. Àwọn nǹkan tí mo máa ń wá níbẹ̀: iye tó pọ̀ jù tí wọ́n á san fún iṣẹ́ kan, iye tí wọ́n á san fún wákàtí mẹkáníìkì kan, iye tí ìwọ fúnra ẹ máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀, bóyá tọ́bò wà nínú ẹ̀, àti ta ló ń san owó yíyẹ̀wò. Kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì, bẹ́líìtì, ohunkóhun tó bá gbó torí ìlò, gbàgbé ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ torí o ń wà á lọ nígbà tí iná pupa ti tàn, gbàgbé ìyẹn náà, ìyẹn gan-an sì ni àìsàn tí 1.6 lè ṣe.

Jẹ́ ká fi owó ṣe é kó yé ẹ. Ká sọ pé iṣẹ́ wákàtí 5 ni, gáréèjì ń gba £100 ní wákàtí kan, páàtì £300, yíyẹ̀wò £100. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ £900. Ìwé wọ́ránti wá ní £50 lòun á san fún wákàtí kan, òun ò mọ̀ nípa yíyẹ̀wò, ìwọ sì máa kọ́kọ́ fi £75 sílẹ̀. Wọ́n á san £250 àti £300, wọ́n á yọ £75 kúrò, ó ku £475. Ìwọ tó ti san £899 tẹ́lẹ̀, wàá tún mú £425 jáde lápò. Èmi fi àwọn iye yẹn ṣe àpẹẹrẹ ni o, fi ti inú ìwé tìẹ sí i kí o tún un ṣírò.

Sáfíìsì tún wà níbẹ̀. Oníbàárà mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ra wọ́ránti ọdún 3 pẹ̀lú mọ́tò ẹ̀, tọ́bò kú lọ́dún kejì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà máa bá iṣẹ́ lọ, owó ti wà nílẹ̀. Wọ́n ní kó fi ìwé sáfíìsì ránṣẹ́. Oṣù 12 ni wọ́n kọ sínú àdéhùn, oṣù 13 àti ọjọ́ díẹ̀ ló ṣe tiẹ̀, torí ó lọ sílé lọ sìnkú bàbá ẹ̀. Wọ́n ò san kọ́bọ̀. Ó jókòó sórí táyà ní gáréèjì mi, ó ń ka lẹ́tà yẹn lákàtúnkà bí ọmọ tó ń wá orúkọ ara ẹ̀ nínú JAMB, mi ò mọ ohun tí n bá a sọ, tíì ni mo lọ sè.

Nítorí náà, tèmi ni pé má san án. Ṣùgbọ́n má kàn sọ pé rárá kí o dákẹ́, fi rárá yẹn ra nǹkan. Mọ́tò 2016 yìí, táímìn bẹ́líìtì ẹ̀, bẹ́líìtì tó ń jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì máa yí lásìkò, gbígbẹ ni, kì í ṣe èyí tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì bíi ti 1.0 EcoBoost tó ń da àwọn èèyàn láàmú, ṣùgbọ́n rọ́bà ṣì ni, ó ní ọdún tó yẹ kí wọ́n yọ ọ́, ọdún yẹn ò sì jìnnà sí mọ́tò ọjọ́ orí yìí. Sọ fún díílà pé wọ́ránti ò wù ẹ́, àmọ́ tó bá pààrọ̀ bẹ́líìtì àti wọ́tà pọ́ǹpù, tó da omi rédíétọ̀ tuntun sí i, tó sì fún ẹ ní rìsíìtì gáréèjì tó ṣe é, wàá san £7,995 lónìí láì dúnàá dúrà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sára mọ́tò, kò sẹ́ni tó lè fi lẹ́tà gbà á padà lọ́wọ́ ẹ. £899 tó kù, gbé e sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí ọkọ ẹ ò lè fi ra bàtà, máa fi £40 kún un lóṣooṣù, lẹ́yìn ọdún 2 ó ti di £1,859, tí nǹkan kan ò bá sì bàjẹ́, owó ẹ ṣì ni.

Ó ní ẹni tí mo máa ń sọ fún pé kó ra wọ́ránti o: ẹni tí £600 òjijì máa bá nílẹ̀ láìsí ibi tó ti máa rí i. Tó bá jẹ́ bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín nìyẹn, a jẹ́ pé ST gan-an ni kí ẹ má tíì rà, ọ̀rọ̀ wọ́ránti kọ́. Ẹ wo Suzuki Swift Sport, 1.4 tọ́bò, 140 PS nínú ti 2018, ó fúyẹ́, táyà àti bíréèkì ẹ̀ máa ń pẹ́. Bí owó bá lè ga sí i, Hyundai i20 N wà, 204 PS, wọ́ránti ilé iṣẹ́ ọdún 5 láì ka máìlì, ti 2021 síwájú ni, kí ẹ máa wo iye ọdún tó kù lórí ẹ̀. Toyota ni tiwọn lè dé ọdún 10 tàbí 100,000 máìlì tí ẹ bá ti ń ṣe sáfíìsì lọ́dọ̀ wọn, ohun tí ọkọ ẹ ń rò lọ́kàn nìyẹn, mo ti ní kò ṣìnà.

Ínṣọ́ránsì, kí o tó san owó àsansílẹ̀ ni kí o ti béèrè, pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò náà gan-an, kì í ṣe Fiesta lásán. Ẹ má sì fi orúkọ ọkọ ẹ ṣe é bí ẹni tó ń wà á jù tó bá jẹ́ pé ìwọ lo ń wà á lóru, jìbìtì ni wọ́n ń pe ìyẹn, wọn ò ní san ẹ́ ní nǹkan kan lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá sì ń rò ó pé tí ó bá gbó ẹ máa fi ránṣẹ́ sílé fún àbúrò yín, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, sítíárìn ẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà sì ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ láti April 1972, wọn ò fẹ́ irú ẹ̀ lójú títì.

Tí díílà bá gbà láti ṣe bẹ́líìtì, ya fọ́tò rìsíìtì yẹn àti ojú ewé sáfíìsì kọ̀ọ̀kan kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe ní 2020, ọdún Kòrónà, ọ̀pọ̀ èèyàn fo ọdún yẹn.