Àbúrò mi, má gba kámú lórí owó oṣù rẹ

O ní ọkùnrin tí wọ́n gbà lẹ́yìn rẹ sí ilé-ìwé aládàáni tí o ti ń kọ́ni ń gbowó jù ọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ìwé-ẹ̀rí kan náà lẹ ní, iṣẹ́ kan náà lẹ sì ń ṣe. O ní ṣé kí o sọ̀rọ̀ ni àbí kí o dákẹ́. Sọ̀rọ̀ o. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí níbí ní Iléṣà, mo mọ bó ṣe ń dunni.

Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ wọn nígbà náà. Lọ́jọ́ owó oṣù, akápò á tẹ́ ìwé tí a máa ń buwọ́ lù síwájú ẹni, á fi rúlà bo iye tó wà níwájú orúkọ àwọn tó kù. Lọ́jọ́ kan rúlà yẹn yẹ̀, mo sì rí owó tíṣà físíìsì tó wà lókè orúkọ mi. Nígbà tí mo bá alákòóso sọ ọ́, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Baálé ilé ni wọ́n, wọ́n ní ẹbí tí wọ́n ń bọ́." Èmi náà tí mò ń san owó ilé-ìwé ọmọ, tí mò ń ra oògùn fún ìyá mi ńkọ́? Ṣé ẹbí ni wọ́n gbà wá láti wá bọ́ ni, àbí ọmọ ọlọ́mọ láti wá kọ́?

Ìpamọ́ yẹn gan-an ni nǹkan yìí fi ń jẹun. Níṣẹ́ ìjọba, ipele 8 ni ipele 8, ì báà ṣe obìnrin, ì báà ṣe ọkùnrin. Bí wọ́n bá máa rẹ́ obìnrin jẹ níbẹ̀, níbi ìgbéga ni. Àmọ́ lọ́dọ̀ aládàáni, bó bá ṣe wu ọ̀gá ló ń dá iye lé èèyàn.

Ẹni tó là mí lójú ni tíṣà físíìsì yẹn fúnra rẹ̀: mo bi í, ó sọ iye owó rẹ̀ fún mi láìjanpata. Àwa obìnrin bíi mélòó kan kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, a ní kí wọ́n máa fi ìwé-ẹ̀rí àti ọdún tí èèyàn ti lò san owó. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, wọ́n ṣe é. Owó tí wọ́n ti rẹ́ wa jẹ sẹ́yìn kò jáde títí dòní, ó ṣì ń dùn mí.

Fi òfin sínú lẹ́tà tìrẹ. Abala 17 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní iṣẹ́ kan náà, owó kan náà, láìwo akọ tàbí abo. Ilé-ẹjọ́ kì í sáábà fi apá ìwé òfin yẹn dá ẹjọ́, nítorí náà má fi halẹ̀ mọ́ wọn. Kàn jẹ́ kí wọ́n rí i.

Lókè òkun pàápàá, àṣírí yìí náà ni. Láti 1963 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin owó dọ́gba, síbẹ̀ bí ọkùnrin aláwọ̀ funfun bá gba dọ́là kan, ohun tí obìnrin aláwọ̀ dúdú ń gbà kò pé sẹ́ǹtì 70. Lilly Ledbetter, obìnrin aláwọ̀ funfun tó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ táyà ní Alabama fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ títí ẹnì kan fi yọ́ ìwé pélébé fún un. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ó ti pẹ́ jù kó tó pẹjọ́. Ọdún 2009 ni wọ́n tó ṣe òfin tó tún ìyẹn ṣe. Ní Colorado, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, láti 2021, ẹni tó bá ń wá òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ iye owó sínú ìpolówó. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí tiwa náà dà.

Bó o bá wá lọ síbòmíràn, tí wọ́n bi ọ́ pé èló lò ń gbà níbi tó o ti ń bọ̀, má dáhùn. Ìwọ ni kó o bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń san fún iṣẹ́ náà, torí owó kékeré àtijọ́ ni wọ́n máa gbé tuntun lé. Ṣùgbọ́n ní báyìí ná, lọ bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ kí sáà yìí tó parí.