Kí ló gbé ilé-iṣẹ́ bàálù Sosoliso dìde, kí ló sì mú un kógbá sílé?

Ẹ kú ìbéèrè. Ọdún 1994 ni wọ́n dá Sosoliso sílẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù Keje ọdún 2000 ni bàálù rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná àwọn ìlú Nàìjíríà déédéé.

Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005 ni ìṣubú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàálù DC-9 rẹ̀ kan tí ó gbéra láti Àbújá fẹ́ balẹ̀ ní Port Harcourt nínú ìjì, awakọ̀ sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ láìtíì rí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí sọ pé iná pápákọ̀ kò tàn, àti pé gọ́tà oníkọnkéré tí a kò bò ni bàálù náà kọlù tí ó fi fọ́, tí ó sì gbiná. Nínú èèyàn 110, méjì péré ni ó yè é. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kú jẹ́ ọmọ ilé-ìwé Loyola Jesuit tí wọ́n ń lọ sílé fún ìsinmi Kérésìmesì, ọ̀rọ̀ wọn sì ń dùn mí títí dòní. Ní tèmi, ẹ̀bi náà kan pápákọ̀ gbọ̀ngbọ̀n, ó sì yẹ kí àwa ará Òṣogbo tí à ń retí pápákọ̀ tiwa máa bèèrè nípa irú iná àti gọ́tà bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2006, ìjọba dá ìwé àṣẹ Sosoliso dúró, kò sì padà sójú òfuurufú mọ́.